Ta Ni Ó Ni Pápá? Charles Alison àti Àwọn Ará Jàpáànù Tí Ó Ka Iṣẹ́ Rẹ̀

1. Ìfáárà

Ó ṣeé ṣe kí ẹnu ya àwọn kan nínú yín nígbà tí wọ́n rí àkọlé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí. Kí ni ó kan olùkọ́ lítíréṣọ̀ nínú ọ̀rọ̀ pápá gọ́ọ̀fù? Ìdáhùn mi kò gùn. Ọ̀kan nínú iṣẹ́ wa ni láti máa bèèrè ẹni tí ó ni iṣẹ́ ọnà: ṣé ẹni tí ó kọ ọ́ ni, tàbí ẹni tí ó túmọ̀ rẹ̀, tàbí ẹni tí ó ń kà á? Ìbéèrè yìí kò mọ sí inú ìwé nìkan. Ibikíbi tí ẹnì kan bá ti gbé èrò rẹ̀ kalẹ̀ fún ẹlòmíràn láti mú un ṣẹ, ni ìbéèrè náà ti ń dìde. Mo mọ̀ọ́mọ̀ mú àpẹẹrẹ tí ó jìnnà sí wa, kí ìfẹ́ ohun tiwa má baà bò wá lójú nígbà tí a bá ń ṣe ìdájọ́.

Àpẹẹrẹ náà ni ti Charles Hugh Alison, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ayàwòrán pápá gọ́ọ̀fù. Ọdún 1883 ni a bí i; ó kú ní ìlú Johannesburg ní ọdún 1952. Ó dé ilẹ̀ Jàpáànù ní oṣù Kejìlá ọdún 1930, ó lo nǹkan bí oṣù mẹ́ta níbẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Síbẹ̀, bí a bá dárúkọ pápá Hirono tí ó wà ní ẹ̀bá ìlú Kobe lónìí, ohun tí ó kọ́kọ́ máa ń jáde lẹ́nu àwọn tí ó mọ eré náà ni pé 'iṣẹ́ Alison ni.' Ohun tí mo fẹ́ fi hàn yín ni pé òótọ́ ni gbólóhùn yìí, ṣùgbọ́n kò ju ìdajì òótọ́ lọ. Ìdajì tí ó kù wà lọ́wọ́ àwọn ará Jàpáànù tí ó ka àwòrán rẹ̀, tí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí orí ilẹ̀, tí wọ́n pàdánù rẹ̀, tí wọ́n tún un kọ, tí wọ́n sì tún ń wá a kiri.

2. Pápá gẹ́gẹ́ bí ohun kíkà

Kí a tó lọ síwájú, ó yẹ kí n ṣe àlàyé díẹ̀ fún ẹni tí kò mọ eré yìí. Ọ̀pá ni a fi ń gbá bọ́ọ̀lù kékeré kan láti ibi ìpìlẹ̀ títí yóò fi bọ́ sínú ihò. Ihò 18 ni ó wà ní pápá tí ó pé. Ẹni tí ó bá gbá bọ́ọ̀lù níye ìgbà tí ó kéré jù lọ kí ó tó parí gbogbo rẹ̀ ni ó borí. Ohun tí ó mú eré náà yàtọ̀ sí bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni pé kò sí pápá méjì tí ó bá ara mu. Òkè, àfonífojì, igi, omi, àti kòtò tí a gbẹ́ tí a sì da iyanrìn sí, ni ó ń fún pápá kọ̀ọ̀kan ní ìwà tirẹ̀.

Ayàwòrán pápá kì í bá eléré rìn, síbẹ̀ ó ń bá a sọ̀rọ̀. Bí ó bá gbẹ́ kòtò iyanrìn sí ìdábùú ọ̀nà, bí ẹni pé ó ń wí fún eléré ni pé: bí o bá láyà, gbá bọ́ọ̀lù rẹ gba orí kòtò yìí kọjá, ọ̀nà rẹ yóò kúrú, bí ẹ̀rù bá ń bà ọ́, gba ẹ̀gbẹ́, ṣùgbọ́n ìgbá tí ó tẹ̀lé e yóò ṣòro fún ọ. Eléré ni yóò yàn. Irú ọgbọ́n yìí ni Harry Colt, ọ̀gá Alison àti alábàáṣiṣẹ́pọ̀ rẹ̀, fi di olókìkí ní Ìlú Ọba. Lójú tiwọn, kòtò kì í ṣe ohun tí a fi ń jẹ eléré níyà lásán. Ìbéèrè ni, ẹni tí ó dé ibẹ̀ ni yóò sì dáhùn.

Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, a óò gbà pé ohun kíkà ni pápá. Ó ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ní òpin, ó ní ibi tí ọ̀rọ̀ ti le àti ibi tí ó ti rọ̀. Ṣùgbọ́n ó yàtọ̀ sí ìwé ní ọ̀nà kan: koríko ń hù lára rẹ̀, òjò ń wọ́ ọ, igi ń ga sí i. Ọ̀rọ̀ inú ìwé kì í yí padà ní alẹ́ tí a bá pa ìwé dé. Pápá ń yí padà lójoojúmọ́. Nítorí náà, ó sún mọ́ lítíréṣọ̀ alohùn ju ìwé lọ: bí a kò bá rí ẹni tí yóò máa tún un ṣe, kò sí mọ́.

3. Àlejò àti àwọn onílé

Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Báwo ni ẹni tí kò ju oṣù mẹ́ta lọ ní ilẹ̀ àjèjì ṣe lè fi irú àmì bẹ́ẹ̀ sílẹ̀? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé àwọn onílé tí ó bá ní ojú tiwọn, wọ́n sì fi ojú náà yá a.

Kì í ṣe Alison ni ó mú gọ́ọ̀fù dé Jàpáànù. Oníṣòwò ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, Arthur Hesketh Groom, ni ó ṣe ihò mẹ́rin àkọ́kọ́ sí orí òkè Rokko, lókè ìlú Kobe, ní ọdún 1901. Ní ọdún 1903, ihò náà ti di mẹ́sàn-án, wọ́n sì dá Ẹgbẹ́ Gọ́ọ̀fù Kobe sílẹ̀. Eré àwọn àjèjì ni nígbà náà. Ọdún 1913 ni àwọn ará Jàpáànù fúnra wọn dá Ẹgbẹ́ Gọ́ọ̀fù Tokyo sílẹ̀. Aṣáájú wọn ni Inoue Junnosuke, ẹni tí ó di mínísítà ètò owó ìlú lẹ́yìn náà.

Láàrin ọdún tí ó tẹ̀lé e, àwọn ọ̀dọ́ ọlọ́lá tí ó lọ kàwé lókè òkun padà wálé pẹ̀lú eré náà lọ́wọ́. Ọ̀kan nínú wọn ni Ohtani Komyo, ọmọ ìdílé tí ó ń ṣe olórí tẹ́ńpìlì Nishi Honganji ní Kyoto. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ti kọ́ gọ́ọ̀fù. Ó gba ipò kìíní nínú ìdíje àwọn tí kì í fi gọ́ọ̀fù jẹun ní Jàpáànù ní ọdún 1922, ó sì wà lára àwọn tí ó túmọ̀ òfin eré náà sí èdè Jàpáànù. Akaboshi Rokuro, tí ó kàwé ní Amẹ́ríkà, ni ó borí nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ìdíje ńlá ti gbogbo Jàpáànù ní ọdún 1927. Fujita Kinya, tí òun náà kàwé ní Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tí ó dá Ẹgbẹ́ Kasumigaseki sílẹ̀ ní ọdún 1929. Takahata Seiichi, tí ó ṣe olórí ẹ̀ka ilé iṣẹ́ Suzuki ní London, wà lára àwọn tí ó gbèrò pápá Hirono.

A óò rí i pé àwọn tí ó ránṣẹ́ pe Alison kì í ṣe òpè. Wọ́n ti gbá bọ́ọ̀lù lórí pápá Ìlú Ọba àti ti Amẹ́ríkà. Wọ́n ti ya pápá tiwọn. Ohtani ti ya pápá kan sí Kawana ní ọdún 1928. Ohun tí wọ́n ń wá ni olùkọ́ tí yóò mú ohun tí wọ́n ti mọ̀ ní òkèèrè bá ilẹ̀ tiwọn mu. Nígbà tí Ẹgbẹ́ Tokyo fẹ́ kó kúrò ní Komazawa, ibi tí wọ́n yá lò, lọ sí ilẹ̀ tuntun ní Asaka, wọ́n ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ Colt. Colt kò lọ. Alison ni ó lọ. Ó ya pápá Asaka, ó ya ti Hirono, ó dá àbá àtúnṣe fún pápá Ìlà-Oòrùn ti Kasumigaseki, ó sì ya pápá Fuji ní Kawana, ní etí òkun ilẹ̀ Izu, èyí tí wọ́n ṣí ní ọdún 1936.

4. Iṣẹ́ ẹrú tí a fi tọmọ jẹ́

Ẹ jẹ́ kí a wo Hirono dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa ti ṣe kedere jù. Ilẹ̀ igi páìnì ni, ó ní àfonífojì tóóró àti adágún omi káàkiri. Nígbà kan rí, ìdílé Kuki, tí wọ́n jẹ́ olúwa ìlú Sanda kí ìjọba àwọn ìjòyè àtijọ́ tó dópin, ni ó ni ín. Alison rin ilẹ̀ náà, ó ya àwòrán ihò kọ̀ọ̀kan, ó kọ àlàyé tì í, ó sì lọ. Nígbà tí wọ́n ṣí pápá náà ní ọdún 1932, ó ti pẹ́ tí ó ti kúrò ní Jàpáànù.

Ta ni ó wá gbẹ́ kòtò? Ẹni tí ó darí iṣẹ́ náà ni Ito Chozo, ará Kobe, ẹni tí ó dá ìwé ìròyìn gọ́ọ̀fù àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní Jàpáànù ní ọdún 1922. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fiyè sí irú ènìyàn tí ó jẹ́. Òǹkọ̀wé ni, olóòtú ni. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kíkà àti ọ̀rọ̀ títẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ ni a fi iṣẹ́ kíka àwòrán Alison lé lọ́wọ́.

Àwòrán ayàwòrán pápá kò lè sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tán. Ó lè sọ pé kí kòtò wà níhìn-ín, kí ó jìn tó báyìí. Kò lè sọ bí etí kòtò yóò ṣe ya jágajàga tí koríko yóò sì bò ó bí irun ìpéǹpéjú. Kò lè sọ iye àpò iyanrìn tí òjò oṣù Kẹfà yóò gbé lọ, nítorí àwọn tí ó ń gbé ibẹ̀ nìkan ni ó mọ bí òjò náà ti ń rọ̀. Koríko Ìlú Ọba kọ́ ni ó ń hù níbẹ̀. Koríko tí wọ́n ń pè ní korai àti noshiba ni, tí ó nípọn, tí ó fẹ́ràn ooru, tí ó sì máa ń gbẹ ní ìgbà òtútù. Gbogbo ibi tí àwòrán ti dákẹ́, Ito àti àwọn òṣìṣẹ́ tí ìtàn kò kọ orúkọ wọn sílẹ̀ ni ó fọhùn níbẹ̀.

Yorùbá sọ pé bí a bá ránni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Òwe yìí ni mo rò pé ó ṣàlàyé iṣẹ́ olùtumọ̀ jù lọ. Ẹni tí ó jẹ́ iṣẹ́ bí ẹrú yóò sọ ohun tí a rán an gan-an, ì báà jẹ́ pé yóò ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Ẹni tí ó fi tọmọ jẹ́ ẹ yóò wá ohun tí ó wà lọ́kàn ẹni tí ó rán an, yóò sì sọ ọ́ lọ́nà tí yóò fi yọrí sí rere ní ibi tí a rán an lọ. Ọ̀nà kejì yìí ni wọ́n gbà kọ́ Hirono. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, òjò méjì péré ì bá ti wó àwọn kòtò náà palẹ̀.

5. Bí orúkọ ṣe di ọ̀rọ̀

Kí Alison tó dé, kòtò iyanrìn orí ọ̀pọ̀ pápá Jàpáànù kò jìn. Bọ́ọ̀lù tí ó bá bọ́ sí i kò ṣòro púpọ̀ láti gbá jáde. Kòtò tirẹ̀ jìn, etí rẹ̀ ga, eléré sì máa ń rí i láti òkèèrè kí ó tó dé ibẹ̀. Ó ya àwọn ará Jàpáànù lẹ́nu, wọ́n sì sọ ọ́ lórúkọ. Títí di òní, 'Arison' ni wọ́n ń pe irú kòtò jíjìn bẹ́ẹ̀.

Ilé ni a ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹ wo ilé tí orúkọ yìí wọ̀. Èdè Jàpáànù kò ya ìró 'l' sọ́tọ̀ sí ìró 'r', nítorí náà Alison di Arison. Lẹ́yìn náà, orúkọ ènìyàn kan ṣoṣo di orúkọ ohun gbogbo tí ó bá jọ ọ́. Kòtò tí Alison kò rí rí, tí ayàwòrán ará Jàpáànù gbẹ́ lẹ́yìn ikú rẹ̀, Arison ni. Àwa tí ó ń kọ́ nípa èdè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àyálò kì í ṣe ti ẹni tí a yá a lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ẹni tí ó yá a ni yóò pinnu ìró rẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀, àti ibi tí yóò ti lò ó. Bí òkìkí Alison ti pọ̀ tó ní Jàpáànù, àwọn ará Jàpáànù ni ó ń sọ ohun tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí.

6. Àyànmọ́ mẹ́ta

Àwọn iṣẹ́ náà kò rí bákan náà lẹ́yìn tí ẹni tí ó yà wọ́n lọ. Mo mú mẹ́ta nínú wọn, nítorí pé ọ̀nà mẹ́ta tí ìwé ń gbà dé ọ̀dọ̀ ìran tí ń bọ̀ ni wọ́n dúró fún.

Àkọ́kọ́ ni Asaka, ìwé tí ó sọnù. Ọdún 1932 ni wọ́n ṣí i. Ní oṣù Kejì ọdún náà, àwọn ọ̀tá òṣèlú ti yìnbọn pa Inoue, ẹni tí ó ṣáájú ìdásílẹ̀ ẹgbẹ́ náà. Ogun ń bọ̀, àwọn ológun sì ń gba ilẹ̀. Kò pé ọdún mẹ́wàá tí wọ́n ṣí pápá náà tí ó fi di ilé ẹ̀kọ́ ọmọ ogun. Lẹ́yìn ogun, ó di ibùdó ọmọ ogun Amẹ́ríkà. Kò sí pápá náà mọ́. Ṣùgbọ́n Ẹgbẹ́ Tokyo kó lọ sí Sayama, wọ́n sì ṣí pápá tuntun ní ọdún 1940. Ta ni ó yà á? Ohtani Komyo ni. Ìwé olùkọ́ ti jóná, akẹ́kọ̀ọ́ sì kọ tirẹ̀.

Èkejì ni Kasumigaseki, ìwé tí a tún kọ. Fujita ni ó kọ́kọ́ ya pápá Ìlà-Oòrùn. Alison fi kòtò jíjìn rẹ̀ sí i. Ní ọdún 1957, ìdíje Canada Cup, tí orílẹ̀-èdè púpọ̀ ń du, wáyé níbẹ̀. Àwọn ará Jàpáànù méjì, Nakamura Torakichi àti Ono Koichi, ni ó gba ife náà, Nakamura sì tún ṣe ipò kìíní láàrin gbogbo eléré. Láti ìgbà náà ni gọ́ọ̀fù ti gbòde ní Jàpáànù. Pápá náà tún ní ohun kan tí Ìlú Ọba kò mọ̀: gbàgede méjì ni ihò kọ̀ọ̀kan ní, ọ̀kan fún koríko ìgbà ooru, èkejì fún koríko ìgbà òtútù, kí eléré lè máa rí koríko tútù ní gbogbo ọdún. Ojú ọjọ́ Jàpáànù ni ó kọ ìpín yìí. Ní ọdún 2016, Tom Fazio, ọmọ Amẹ́ríkà, tún pápá náà yà, ó sì sọ gbàgede méjì di ọ̀kan. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbá gọ́ọ̀fù Òlíńpíìkì ní ọdún 2021.

Ẹ̀kẹta ni Hirono, ìwé tí a ń wá ojúlówó rẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ológun sọ ọ́ di pápá ọkọ̀ òfuurufú. Lẹ́yìn ogun, àwọn onílé tún un ṣe. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, igi páìnì ga, wọ́n sì sún mọ́ ọ̀nà. Etí kòtò tí ó ya jágajàga di ọ̀bọ̀rọ́. Nígbà tí ó yá, ẹgbẹ́ náà pe Martin Ebert, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti dá pápá náà padà sí bí ó ti rí ní ìbẹ̀rẹ̀. Ó lo àwòrán àtijọ́, wọ́n gé igi, wọ́n tún kòtò gbẹ́, wọ́n sì parí rẹ̀ ní ọdún 2019.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí a dúró sí. Wọ́n ní àwọn dá a padà sí ti Alison. Ṣùgbọ́n kí ni fọ́tò àtijọ́ ń fi hàn? Kò fi ohun tí ó wà lọ́kàn Alison hàn. Ohun tí Ito àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ fi ọwọ́ ṣe ni ó fi hàn. Etí kòtò tí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì wá tún gé ní ọdún 2019, ọwọ́ ará Jàpáànù ni ó kọ́kọ́ gé e. Nítorí náà, ojúlówó tí wọ́n wá rí gan-an jẹ́ ìtumọ̀. Kò sí ojúlówó mìíràn lẹ́yìn rẹ̀ àfi bébà.

7. Àtakò kan

Ẹnì kan lè sọ pé mo fẹ́ gba ẹ̀tọ́ Alison lọ́wọ́ rẹ̀. N kò ní irú èrò bẹ́ẹ̀ lọ́kàn. Bí kì í bá ṣe tirẹ̀, Ito ì bá má rí ohun kan túmọ̀. Ẹni tí ó bá rí àwọn ihò kúkúrú Hirono tí ó gba orí omi àti àfonífojì kọjá yóò mọ̀ pé ẹni tí ó mọ ilẹ̀ í kà ni ó yàn wọ́n. Ohun tí mo ń kọ̀ ni àṣà pé kí a dárúkọ àlejò, kí a sì fi orúkọ onílé sí abẹ́ ẹní. Ibikíbi tí ẹni tí ó ní òkìkí bá ti pàdé ẹni tí kò ní, ni àṣà yìí máa ń yọjú, yálà lórí ìwé ìtumọ̀, tàbí lórí iṣẹ́ akójọ-ọ̀rọ̀ tí ó gba ewì lẹ́nu apohùn tí kò dárúkọ rẹ̀. Kì í ṣe àbùkù ìwà nìkan ni, àṣìkà ni. Ẹni tí kò mọ̀ pé Ito wà yóò ka Hirono, kò sì ní mọ ohun tí ó ń kà.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan nípa òǹkàwé. Àwọn pápá yìí kì í ṣe ìta gbangba. Ẹgbẹ́ ni ó ni wọ́n, ẹni tí ẹgbẹ́ bá sì gbà ni ó ń wọlé. Ní Kasumigaseki, títí di ọdún 2017, obìnrin kò lè jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ tí ó ní ẹ̀tọ́ kíkún. Ìgbìmọ̀ Òlíńpíìkì Àgbáyé ni ó tẹ̀ wọ́n nínú kí wọ́n tó yí òfin náà padà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2021, ọmọbìnrin Jàpáànù kan, Inami Mone, gba àmì ẹ̀yẹ fàdákà lórí pápá náà gan-an. Bí ó bá jẹ́ pé òǹkàwé ní ìpín nínú iṣẹ́ ọnà, nígbà náà ẹni tí ó ti ilẹ̀kùn mọ́ òǹkàwé ti dín iṣẹ́ náà kù. Kì í ṣe obìnrin nìkan ni ó pàdánù ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Pápá náà pàdánù ìkà tí àwọn obìnrin ì bá kà á.

8. Àsọkágbá

Ní kúkúrú, ohun mẹ́ta ni mo ti sọ. Èkínní, àwọn tí ó pe Alison ti ní ìmọ̀ kí ó tó dé, ìmọ̀ wọn ni ó sì jẹ́ kí tirẹ̀ wúlò. Èkejì, ẹni tí ó mú àwòrán di ilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ó kọ iṣẹ́ náà, a kò sì gbọdọ̀ kà á sí irinṣẹ́ lásán. Ẹ̀kẹta, iṣẹ́ tí ó wà láàyè kì í dúró lójú kan. A lè pàdánù rẹ̀, a lè tún un kọ, a lè wá a padà, ọwọ́ àwọn tí ó wà nílé ni ìpinnu náà sì wà ní gbogbo ìgbà.

Ta ni ó wá ni pápá? Bí mo bá ní agbára láti kọ ọ̀rọ̀ sí ẹnu ọ̀nà Hirono, èmi kì yóò pa orúkọ Alison rẹ́. N ó kọ ti Ito sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, n ó sì fi àyè sílẹ̀ lábẹ́ méjèèjì fún àwọn tí ó gbé yẹ̀pẹ̀. Iṣẹ́ yìí kan náà ni mo fi ń bẹ ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa: nígbà tí ẹ bá mú ìwé ìtumọ̀ tàbí àkójọ ọ̀rọ̀ àtẹnudẹ́nu lọ́wọ́, ẹ wá orúkọ ẹnì kejì kí ẹ tó ṣí ojú ewé kìíní.